Wọn ò kọ̀, a ò bi wọ́n ni

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dùn mí tí mo bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ìlera, òun ni pé àwọn èèyàn wa ò fẹ́ràn ìwádìí, pé tó o bá ti dárúkọ clinical trial, ìyẹn ìwádìí tí wọ́n fi ń dán ìtọ́jú wò lára èèyàn, fún aláìsàn jẹjẹrẹ lágbègbè wa báyìí, ó ti sá lọ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ọsibítù wa sì dara pọ̀ mọ́ ìwádìí oògùn kan fún jẹjẹrẹ ọmú, èmi ni wọ́n ní kí n máa wá àwọn tó yẹ kó wọlé, kí n bá wọn sọ̀rọ̀, kí n tún máa tẹ̀lé wọn títí gbogbo ẹ̀ á fi parí. Ohun tí mo fojú ara mi rí nídìí iṣẹ́ yẹn yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń sọ kiri. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ò wọlé yẹn ò kọ̀ rárá. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ni.

Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ló ti rí bẹ́ẹ̀ o. Ní Amẹ́ríkà tí owó ìwádìí pọ̀ sí, ọsibítù tó sún mọ́ ilé ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ní jẹjẹrẹ ti ń gba ìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ àwọn ọsibítù ńláńlá olórúkọ ni ìwádìí kóra jọ sí. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìjọba wọn dá ètò kan sílẹ̀ ní 1983 láti máa gbé ìwádìí jẹjẹrẹ lọ bá àwọn èèyàn ní ọsibítù àdúgbò, wọ́n wá tún un tò ní 2014, NCORP ni wọ́n ń pè é báyìí. Olùṣèwádìí kan ní Amẹ́ríkà, Joseph Unger, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, ní 2019 wọ́n gbé e jáde pé ó ju ìdajì àwọn aláìsàn lọ tó jẹ́ pé kò sí ìwádìí kankan fún irú àìsàn wọn níbi tí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú. Ní 2021 wọ́n tún gbé òmíì jáde, wọ́n ní tí wọ́n bá ti lè bi aláìsàn pé ṣé ó máa ṣe, nǹkan bíi 55 nínú 100 ló ń sọ pé òun máa ṣe, àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ò sì gbẹ́yìn nínú ẹ̀, bí àwọn aláwọ̀ funfun ṣe ń gbà làwọn náà ń gbà. Ọjọ́ tí mo ka ìyẹn inú mi dùn gan-an, torí ohun tí mò ń rí ní kílíníìkì ọjọ́rú wa gẹ́lẹ́ nìyẹn, mo kàn ń wá ẹni tó máa bá mi sọ ọ́ ni.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni. Àjọ IARC tó ń ṣírò jẹjẹrẹ káàkiri ayé sọ pé ní 2022, èèyàn tó lé ní 127,000 ni jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà, àwọn tó pa sì lé ní 79,000. Ara àwọn èèyàn ibòmíì ni wọ́n ti dán èyí tó pọ̀ jù wò nínú oògùn tá à ń fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, tó ka ìṣègùn n'Ìbàdàn kó tó di ẹni ńlá ní University of Chicago, ti ń sọ pé jẹjẹrẹ ọmú tó ń mú àwọn obìnrin wa kì í sábà rí bíi tàwọn òyìnbó, pé ó máa ń mú wọn ní kékeré, àti pé irú èyí tó le, tí wọ́n ń pè ní triple negative, pọ̀ lára wa. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ jókòó sílé ká máa retí èsì láti ìlú oníìlú. Àwọn ará Ifẹ̀ ò sì jókòó, ní 2013 làwọn dókítà OAUTHC, ọsibítù ńlá Ifẹ̀, pẹ̀lú àwọn ti Memorial Sloan Kettering, ọsibítù jẹjẹrẹ kan ní New York, dá ẹgbẹ́ ARGO sílẹ̀ fún ìwádìí jẹjẹrẹ nílẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ibi tí àwọn èèyàn ti ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Obìnrin kan á rí kókó lọ́mú, á lo àgbo, á gbàdúrà, á lọ sí kẹ́mísìtì, ìgbà tó bá ti ń rùn ló máa tó yọjú sí wa. Dókítà oníṣẹ́ abẹ á gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí lábù, wọ́n á ní kó padà wá gba èsì. Tó bá padà wá, èsì ò tíì dé. Tí èsì bá wá dé, òun ò sí ńlé, fóònù tó fún wa ò lọ. Tàbí kó dé, kí dókítà kọ kẹmó, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, fún un lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó sì ti gbà á, bẹ́ẹ̀ ìwádìí tiwa ń wá ẹni tí ò tíì gba nǹkan kan. Ó ti parí nìyẹn. Ẹni tó yẹ kó wọlé ti kọjá níwájú wa, ẹnikẹ́ni ò mọ̀, wọ́n á tún ní àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ò fẹ́ ìwádìí.

Ibi tí nǹkan ti yí padà fún wa ni lábù, kì í ṣe kílíníìkì. Gbogbo lábù tó ń yẹ ẹran wò ló ní ìwé ńlá kan tí wọ́n ń kọ èsì sí. Mo lọ bẹ ọ̀gá tó wà níbẹ̀, mo ní ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ti kọ jẹjẹrẹ ọmú sínú ìwé yẹn báyìí, kẹ́ ẹ tó fi èsì sínú fáìlì, ẹ fi wásáàpù sọ fún mi, nọ́ńbà ọsibítù nìkan, kẹ́ ẹ má kọ orúkọ. Wọ́n gbà. Àtìgbà yẹn, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ mọ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kílíníìkì ni mo máa ń lọ fa fáìlì yọ ní rẹ́kọ́ọ̀dù, n ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá ohun tí wọ́n ń wá mu, ọjọ́ orí ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣé ó tó, ọkàn ẹ̀ ṣé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣé ó ti gba oògùn kankan, n ó wá lẹ ìwé pélébé kan tó pupa mọ́ iwájú fáìlì. Tí dókítà bá ti rí ìwé pupa yẹn, gbólóhùn kan péré ló máa sọ: "Ìyá, ìwádìí kan wà tó ṣeé ṣe kó wúlò fún yín, nọ́ọ̀sì yìí máa bá yín sọ ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́." Ìyókù di tèmi. Mo ti rí i pé gbólóhùn yẹn tó bá ti ẹnu dókítà tí aláìsàn mọ̀ jáde, ó lágbára ju gbogbo àlàyé mi lọ.

Ọ̀rọ̀ ìgò fọ́málìn, omi tí wọ́n ń fi ẹran tí wọ́n gé sí kó má bàjẹ́, náà ńkọ́? Ẹlòmíì ò ní kà á sí, àmọ́ èmi kà á sí gan-an. Ìwádìí wa fẹ́ mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ náà ní HER2 lára, ìyẹn prótéènì kan tó ń jẹ́ kí jẹjẹrẹ yára dàgbà, torí oògùn tó ń bá ìyẹn jà wà lọ́tọ̀, tí kò bá sí níbẹ̀ oògùn yẹn ò ní ṣe nǹkan kan. Tí wọ́n bá gé ẹran tán, tí wọ́n gbé e sílẹ̀ nínú abọ́ oníṣẹ́ abẹ títí wọ́n fi wá ìgò rí, tàbí tí wọ́n rọ omi mọ́ fọ́málìn kó lè pọ̀, ẹran yẹn á bàjẹ́, àyẹ̀wò HER2 ò ní jáde dáadáa, ìyẹn ni pé a ti lé obìnrin yẹn jáde kó tó wọlé. A wá ṣètò pé kí ìgò tí wọ́n ti rọ fọ́málìn sí, tí wọ́n ti kọ ìlà àkókò sí lára, máa wà ní tíátà nígbà gbogbo, nọ́ọ̀sì tíátà ló ń kọ àsìkò tí wọ́n gé ẹran àti àsìkò tó wọ ìgò. Kò gbówó lórí. Ó kàn ń fẹ́ ẹni tó máa rántí ẹ̀ ni.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ sísọ. Màmá kan wà tó ń ta láfún l'Ọjà Aràdà, n ò ní dárúkọ wọn. Ọmọ wọn obìnrin mú wọn wá, dókítà sọ gbólóhùn tó yẹ kó sọ, a jọ lọ jókòó sí yàrá kékeré ẹ̀yìn kílíníìkì, mo ti ilẹ̀kùn. N kì í bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé ìwádìí tí wọ́n máa fọwọ́ sí. Mo ní, "Màmá, ẹ kú ìjókòó o. Kí lẹ gbọ́ nínú ohun tí dókítà sọ?" Wọ́n ní, "Wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Mo ti mọ̀ pé n ó kú, ọmọ mi." A sọ̀rọ̀ lórí ikú yẹn dáadáa ká tó sọ̀rọ̀ lórí ohunkóhun mìíràn, torí ẹni tó ń rò pé òun ti kú tán, gbogbo ohun tó o bá sọ fún un nípa ìwádìí, kò wọ̀ ọ́ létí.

Nígbà tó yá mo sọ fún wọn pé ọ̀nà ìtọ́jú méjì ló wà, èyí tá à ń lò tẹ́lẹ̀ àti èyí tá a fẹ́ fi wé e, àti pé kì í ṣe dókítà ló máa yan èyí tí wọ́n máa gbà. Ibi tó máa ń le fún gbogbo èèyàn nìyí. Wọ́n ní, "Ta ló wá máa yàn án?" Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ ń dá èésú lọ́jà?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. "Báwo lẹ ṣe máa ń mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ kó?" Wọ́n ní ìbò làwọn máa ń ṣẹ́, kí wọ́n má baà sọ pé ìyálọ́jà ń ṣègbè. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni, kọ̀ǹpútà ló máa ṣẹ́ ìbò yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣègbè, ibi yòówù kẹ́ ẹ bọ́ sí ẹ ó gba oògùn jẹjẹrẹ gidi, kò sẹ́ni tá a máa fún lómi lásán. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, "Tí n bá bẹ̀rẹ̀ tí mo wá ní mi ò ṣe mọ́ ńkọ́?" Mo ní ẹ ó máa lọ sílé yín ni, a ó sì máa tọ́jú yín bíi tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ìbéèrè yẹn ni mo máa ń retí lẹ́nu gbogbo èèyàn. Tí wọn ò bá bèèrè ẹ̀, èmi máa ń sọ ọ́ fúnra mi.

Wọ́n ò fọwọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn, n ò sì retí ẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa pe ọmọ àwọn ọkùnrin tó wà n'Ìkẹjà, àti àbúrò ọkọ àwọn tó jẹ́ olórí ẹbí. A pè wọ́n níbẹ̀, fóònù wà lórí tábìlì, ọmọ náà le mọ́ mi díẹ̀, ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, tí nǹkan bá ṣe màmá mi nínú ìwádìí yín, ta ló máa sanwó ìtọ́jú ẹ̀?" Mo ṣí ojú ewé tí wọ́n kọ ìyẹn sí nínú ìwé, mo kà á sí i létí lédè Yorùbá bí wọ́n ṣe kọ ọ́, n ò fi kún un, n ò yọ kúrò. Wọ́n gbé ìwé náà lọ sílé, mo tún fi ohùn ara mi ka gbogbo ẹ̀ sórí wásáàpù ọmọ wọn obìnrin kí wọ́n lè máa gbọ́ ọ nílé, Yorùbá tí wọ́n ń sọ l'Aràdà ni mo fi kà á. Nígbà tí wọ́n padà wá, ìka ni wọ́n tẹ̀, torí wọn ò mọ̀wé kọ, ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe ara ọsibítù wa ló sì buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka wọn, bó ṣe yẹ kó rí. Àwọn tá a ti kánjú bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan náà kó tó di pé a ṣètò yìí, ọ̀pọ̀ wọn ni ò padà wá. Àwọn tá a jẹ́ kó gbé ìwé lọ sílé ló ń padà wá.

Àwọn kan náà ń sọ pé rárá o. Tíṣà kan gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó ní òun dúpẹ́ àmọ́ òun ò ṣe, mo ní kò burú, ó gba kẹmó ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, èmi kan náà ni mo sì gún un lábẹ́rẹ́. Ó yẹ kí gbogbo èèyàn rí i pé ẹni tó kọ̀ ò pàdánù nǹkan kan.

Ìbẹ̀rù wà lóòótọ́, ìdí sì wà fún un. Àwọn àgbà tó ń gbọ́ rédíò ò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ Kánò, ìgbà àrùn ọpọlọ yírùnyírùn ní 1996, tí Pfizer kó ọmọdé 200 sínú ìwádìí oògùn Trovan, tí wọ́n fún ìdajì wọn ní Trovan, tí wọ́n fún ìdajì yòókù ní oògùn mìíràn, tí 11 sì kú nínú gbogbo wọn, ẹjọ́ yẹn pẹ́ nílé ẹjọ́ kí wọ́n tó gbà ní 2009 láti san 75 mílíọ̀nù dọ́là. Tí ẹnìkan bá dá a sílẹ̀, n kì í sọ pé irọ́ ni tàbí pé ó ti pẹ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé ó ṣẹlẹ̀, àti pé òun gan-an ló jẹ́ kí nǹkan le báyìí, pé NAFDAC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí ìwádìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, nọ́ńbà fóònù ìgbìmọ̀ yẹn wà lójú ewé tó gbẹ̀yìn, ẹ lè pè wọ́n fẹjọ́ èmi gan-an sùn. Ti ẹ̀jẹ̀ náà wà ńbẹ̀, wọ́n ní à ń tà á. Mo máa ń kó ìgò ẹ̀jẹ̀ náà jáde kí wọ́n fọwọ́ kàn án, gbogbo ohun tá a máa gbà lẹ́ẹ̀kan ò ju ṣíbí tíì méjì lọ.

Ti ọ̀nà ló tún wà. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn wa ló ń gbé ní Táákì tàbí Ìjẹ̀rù. Àwọn kan ń bọ̀ láti Ìkòyí-Ilé, láti Àjàáwà, láti Ìrẹsà-Adú, ọ̀kadà ni wọ́n máa kọ́kọ́ gùn kí wọ́n tó rí mọ́tò. Tí nǹkan bá sì gba pé ká rán wọn lọ jó jẹjẹrẹ pẹ̀lú ẹ̀rọ, Ìbàdàn ni, nǹkan bíi 100 kìlómítà, lórí títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí gbogbo wa mọ bó ṣe ń pa èèyàn. Ìwé ìwádìí tí wọ́n kọ wá látòkè ní kí wọ́n máa wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n tún fi àwọn ọjọ́ mìíràn sáàárín tó jẹ́ pé ìbéèrè lásán la máa bi wọ́n. A kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n jẹ́ ká fi fóònù ṣe ìyẹn, wọ́n gbà, ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí i. Owó mọ́tò, ọwọ́ wọn la máa ń fi lé lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá, kí wọ́n tó kúrò lórí àga. Nígbà kan tó jẹ́ pé ẹ̀ka ìnáwó ló ń san án lẹ́yìn oṣù, àwọn èèyàn ń yáwó wá, ẹni tó yáwó lẹ́ẹ̀mejì ò ní yá a lẹ́ẹ̀kẹta. N kì í fi ọjọ́ ọjà wọn sí ọjọ́ ìtọ́jú wọn. Kí n tó kọ déètì sí káàdì mo máa ń bèèrè pé ọjọ́ wo lọjà yín ń bọ́ sí, àwọn tó ní oko kajú náà, mo mọ̀ pé wọn ò ní ráyè dáadáa tí kajú bá ń bọ́.

Àwọn dókítà wa, n ò lè dá wọn lẹ́bi púpọ̀. Wọn ò tó, àwọn tó wà náà ń japa, ẹni tá a bá kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó yẹ, oṣù díẹ̀ sí i ó ti wà ní London. Ìyẹn ló fi yẹ kí iṣẹ́ wíwá èèyàn yìí wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àti ará rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń gbé ìlú, tí kò lọ síbì kankan. Ohun tí mo rí pé ó ń mú inú dókítà dùn ni kéèyàn máa padà wá sọ fún un: ọ̀gá, màmá tẹ́ ẹ rán sí mi lọ́jọ́sí, kókó wọn ti ń sún kì. Ẹni tá a bá ń sọ èsì fún máa ń rántí rán òmíì wá.

Èyí tó wúwo jù lọ́kàn mi ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ìwádìí bá parí. Ilé-iṣẹ́ kan wà tá a bá ṣe nǹkan nígbà kan, wọ́n dédé ti ìwádìí náà lóhùn-ún ní ìlú wọn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ owó ni, àwọn obìnrin tí oògùn yẹn ń ṣe dáadáa fún wá ń bi mí pé oògùn àwọn dà. A kọ lẹ́tà, a pe fóònù, èyí tí wọ́n fún wa gbẹ̀yìn ò tó nǹkan. Ó bí mi nínú gan-an, ó ṣì ń bí mi. Ẹbí kan tó bá tìtorí ìyẹn bínú, gbogbo àdúgbò ẹ̀ ló máa gbọ́, kò sí àlàyé tó máa tún un ṣe. Ìwé Helsinki, ìlànà bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣe ìwádìí lára èèyàn, tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé kọ ní 1964, tí wọ́n sì ń tún ṣe láti ìgbà náà, sọ ọ́ níbẹ̀ pé kí wọ́n ti ṣètò ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìwádìí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní báyìí, ìbéèrè tá a máa kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìwádìí wá bá wa nìyẹn: ẹni tí oògùn yín bá ṣiṣẹ́ fún, ta ló máa máa fún un lọ, títí dìgbà wo? Tí wọn ò bá rí i kọ sílẹ̀, a ò ní gba ẹnikẹ́ni wọlé fún wọn.

Àwọn tá a wà lórí ẹ̀ báyìí ni àwọn ará Sábó àti àwọn Fúlàní tó wà lágbègbè Oríire. Àwọn náà ń wá sí ọsibítù wa, Yorùbá àti òyìnbó nìkan sì ni ìwé wa wà. A ti túmọ̀ ẹ̀ sí Hausa, ó ti wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ti Fúlàní la ṣì ń wá obìnrin tó máa kà á sétí àwọn ìyá tó wà ní gáà, kó lè padà wá sọ ibi tí ò yé wọn fún wa, ká tún un kọ.